Níkà Tí Kò Lẹ́rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló mọ bọ́ọ̀lù jù ní ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù wa, ẹ má wulẹ̀ dárúkọ Kóòṣì. Ẹ ní èmi ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fọ níkà, ẹ̀wù àti ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń kọ́ bọ́ọ̀lù níbẹ̀, mi ò sì tíì jókòó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rí. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, aṣọ àná lèmi máa ń fọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ṣé ó dìgbà tí èèyàn bá ṣí ìkòkò kó tó mọ̀ pé ọbẹ̀ ti ń jóná ni? Imú ńkọ́?

Ó dáa, ẹ lè rẹ́rìn-ín báyìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ, imú mi ò gbè mí níbẹ̀.

Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń wé ọṣẹ ni mo fi kọ́ ara mi ní ìwé kíkà, ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ìdajì gbogbo nǹkan: ibi tí wọ́n bá ti fa ìwé náà ya ni ìmọ̀ mi náà máa ń parí sí. Ẹnu ni mo fi ń dí ìyókù. Àwọn àgbà ní ètè àìmétè, ẹnu àìmẹ́nu, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ni ẹlẹ́ni ni tèmi kọ́kọ́ kó ọ̀ràn bá.

Ẹ̀yìn yàrá tí àwọn ọmọ ti ń pààrọ̀ aṣọ ni yàrá ìfọṣọ mi wà. Maṣíìnì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti kú láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń fi orí rẹ̀ ṣe tábìlì. Èkejì ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti jókòó lé e nígbà tó bá ń fún aṣọ gbẹ, kó má baà rìn jáde bá àwọn àlejò. Agbọ̀n ọ̀rá mẹ́rin wà lábẹ́ fèrèsé, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan, a sì fi yíǹkì kọ nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ibi ìbàdí níkà rẹ̀. Mi ò mọ ojú wọn tó bí mo ṣe mọ níkà wọn.

Níbi tí mo jókòó sí lórí maṣíìnì yẹn ni mo ti dá ìmọ̀ tèmi sílẹ̀. Ẹni tí àwọ̀ koríko bá wà ní itan òsì rẹ̀ nìkan, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kàn ń tẹ̀ lé e kiri ni. Ẹni tí ẹrẹ̀ bá wà ní ìdí rẹ̀, wọ́n ń tì í ṣubú. Tó bá wà ní orúnkún rẹ̀, òun ló ń ti àwọn èèyàn. Ẹni tí ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ bá ní ìpara, dígí ló ń wò, kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn aṣọ orí okùn tipẹ́, kò sí èyí tó já mi ní koro nínú wọn.

Kóòṣì ló ba nǹkan jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, àkọ́bí mi jù ú lọ, nítorí náà mi kì í pè é ní ẹ̀yin. Lọ́jọ́ kan ó wá bi mí bóyá mo rí ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù. Mo ní, "Fi ti ìbọ̀sẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà Mọ́kànlá rẹ ti fẹsẹ̀ pa, ó ń fi pamọ́ fún ọ ni. Òwú báńdéèjì ni mo ń yọ nínú ìbọ̀sẹ̀ òsì rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé." Ó sáré lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ọmọ náà ti fi egbò rìn fún ọjọ́ márùn-ún torí kí wọ́n má yọ ọ́ kúrò nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀.

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ yẹn ló kó bá mi. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni Kóòṣì ń yọ́ wá pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, á dúró sí ẹnu ọ̀nà bí ẹni tó wá gba aṣọ, á ní, "Mọ́mì Ọṣẹ, kí lẹ rí lọ́sẹ̀ yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ ń pè mí, Mọ́mì Ọṣẹ. Mo bá ń sọ, ó ń kọ. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Obìnrin tó ń jókòó lé maṣíìnì, tí ọkùnrin tó ní fèrè lọ́rùn wá ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀! Orí mi wú. Tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ nu ọwọ́ mi gbẹ bíi dókítà.

Ọdún yìí ni Nọ́ńbà Mẹ́rin dé. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ẹ̀yìn ló ń gbá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ́lé. Mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ nípa rẹ̀, àfi níkà rẹ̀. Níkà náà mọ́. Bí òjò rọ̀ láàárọ̀, bí pápá di àbàtà, ti Nọ́ńbà Mẹ́rin á mọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ọ̀rá. Ó kàn máa ń tutù ni. Ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbá ẹ̀yìn, tí àwọn ọmọ ń pè ní Ìjì, tiẹ̀ máa ń dé bí ẹni pé wọ́n fi kọ́ odi ilé. Mo fẹ́ràn Ìjì. Mo máa ń ká níkà rẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọ̀wọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọdún bọ́ọ̀lù tó parí, Kóòṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

"Mọ́mì, ọmọ mẹ́fà la máa dá padà sílé. Mo ti rí márùn-ún. Ó ku ọ̀kan, láàárín Ìjì àti Nọ́ńbà Mẹ́rin."

"Ìyẹn náà ni ò ń rò?"

"Nọ́ńbà Mẹ́rin yẹn, mo máa ń rò pé ó ní nǹkan kan. Ó jọ pé ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ló máa ń wà."

"Ṣé ẹrẹ̀ ò sí níbẹ̀ ni?" Mo na níkà náà sí i lójú. "Wò ó. Ìgbà tí gbogbo ayé ń yí nínú àbàtà, ibo leléyìí wà? Abẹ́ agboòrùn?"

"Ó tutù, Mọ́mì. Òógùn ńkọ́?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di etí yín. Mo gbé níkà yẹn sí imú mi, mo dijú, mo ní: "Òógùn ìbẹ̀rù ni. Òógùn ẹni tó ń sáré a máa rùn. Eléyìí ò rùn rárá."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó ń kọ ọ́. Inú mi dùn débi pé mo bá a sípẹ́lì "ìbẹ̀rù".

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó gbẹ̀yìn ni wọ́n máa ń pe àwọn òbí jọ, tí wọ́n á ka orúkọ àwọn tó ń lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, omi yàrá mi dá. Mo gbé garawa, mo gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ń kó àwọ̀n góòlù sí lọ, torí ẹ̀rọ omi kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í lò. Mo bá ọmọ kan lórí ìlóṣòó níbẹ̀. Ó ró ìró mọ́ ìbàdí, ó ń fi ẹ̀rún ọṣẹ tí kò ju èékánná lọ fọ níkà. Omi tó ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ bíríkì.

Mo wo ibi ìbàdí níkà. Mẹ́rin.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ó fò dìde. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́."

"Ta ló ní kó o fọ̀ ọ́?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi? Èmi wo?"

"Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ dé. Ẹ ní ẹni tó bá kó ẹrẹ̀ wá bá yín, ẹ ó ju òun àti níkà rẹ̀ sínú maṣíìnì pọ̀, ẹ ó sì sá àwọn méjèèjì sórí okùn."

Mo sọ ọ́. Ọdọọdún ni mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀rọ̀ àpárá ni, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì kó ẹrẹ̀ odindi pápá wá fún mi lọ́jọ́ kejì. Láti ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń pariwo, ẹnì kan ṣoṣo ló gbọ́ràn sí mi lẹ́nu rí. Òun ni mo sì wá sọ pé kí wọ́n lé.

"Ṣé o rò pé mo lè sá ọ sórí okùn lóòótọ́ ni?"

"Rárá, mà." Ó wolẹ̀. "Ọwọ́ yín ni mo rí. Bíi ti ìyá mi ló rí. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n ń nù."

Mo wo ọwọ́ mi. Ọṣẹ ti jẹ ìka rẹ̀ débi pé ó ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Mi ò wò ó tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọ ọdún méjìlá ti wò ó.

"Wọ́n ń bọ̀ lọ́la," ni ó tún ń sọ, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀. "Ìyá mi. Mo ti sọ fún wọn pé níkà tèmi ló mọ́ jù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti jábọ́ lórí maṣíìnì rí, mo ti fi iná áyọ́ọ̀nù jó ara mi, mo ti bí ọmọ mẹ́rin. Kò sí èyí tó dùn mí bẹ́ẹ̀ yẹn.

Mo gba níkà náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo lọ bá Kóòṣì nínú yàrá rẹ̀, ó ń ya òbìrípo sára pátákó.

"Kóòṣì, yọ Nọ́ńbà Mẹ́rin kúrò lára àwọn tó ń lọ. Omi ẹ̀rọ ni."

"Kí ni omi ẹ̀rọ?"

"Òógùn ìbẹ̀rù." Mo rò ó fún un látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo fi máa ṣe tán, ó ti jókòó.

"Mọ́mì, ìwé ti wà lọ́wọ́ Màdáámú láti àná."

"Jẹ́ ká lọ gbà á padà."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Pé níkà ló bá mi yan ọmọ?"

"Sọ bẹ́ẹ̀ náà."

"Mọ́mì, mo níyàwó nílé!"

"Jẹ́ kó wà nílé. Àwa méjèèjì là ń lọ. Mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ dání."

Màdáámú ló ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun nígbà kan, orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kì í ká mọ́, nítorí náà orí ìdúró ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kì í sì í ní kí ẹnikẹ́ni jókòó. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù rẹ̀. Èmi ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló kó wa dé ibi tá a dé yìí. Mo kan ilẹ̀kùn, mo sì ti wọlé kó tó dáhùn, níkà tútù ń kán lọ́wọ́ mi sórí ilẹ̀ rẹ̀ tó ń dán.

"Màdáámú, mo wá bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbà mí gbọ́."

"Mọ́mì, ìgbà wo ni mo gbà yín gbọ́ rí?"

"Ẹ ti gbà mí gbọ́, mà. Ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ó wà nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ Kóòṣì."

Màdáámú na ọwọ́. Kóòṣì gbé ìwé náà lé e bí ẹni tó ń gbé ọmọ rẹ̀ fún àjèjì. Màdáámú wọ jígí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó dùn lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́ lè korò létí rẹ̀ tó bá gbà á padà.

"Nọ́ńbà Méje. Ó yára, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dára. *Mọ́mì ní ìpara wà lọ́rùn ẹ̀wù rẹ̀, dígí ló ń wò.*" Ó gbójú sókè wò mí, ó ṣí i síwájú. "Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án. Ó ń gbá góòlù dáadáa. *Mọ́mì ní ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ò bára mu, ọkàn rẹ̀ pín sí méjì.* Aṣọ́lé. Ọwọ́ rẹ̀ dájú. *Mọ́mì ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mọ́ jù, ilẹ̀ ń bà á lẹ́rù.* Mọ́mì, ṣé ilẹ̀ ń ba aṣọ́lé lẹ́rù?"

"Lọ́jọ́ yẹn, ó jọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Aṣọ alápá péńpé ni aṣọ́lé wa ń wọ̀. Ìgbọ̀nwọ́ wo lẹ rí?"

Mi ò fèsì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kan, kì í sábà ṣẹlẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ Nọ́ńbà Mẹ́rin. Ìlà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi báírò pa rẹ́, àmọ́ ó ṣì ṣeé kà. "Ó máa ń rí bọ́ọ̀lù kó tó dé. Kì í pariwo. Mo rò pé ká mú un dání." Ó tún jígí rẹ̀ ṣe. "*Mọ́mì ní kì í sáré. Òógùn ìbẹ̀rù.*"

Níkà náà ń kán sórí ilẹ̀.

"Kóòṣì," ni Màdáámú pè é, ohùn rẹ̀ ò ga. "Ìlà tí o pa rẹ́ yìí, ojú ta ló rí i?"

"Ojú mi, mà."

"Èkejì ńkọ́?"

"Imú Mọ́mì, mà."

"Ta ni mo gbà kó máa wo àwọn ọmọ?"

Kóòṣì ń wo bàtà ara rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá dá sí i. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò ní ṣàì dá sí i. "Màdáámú, ẹ̀bi mi ni, ẹ fi Kóòṣì sílẹ̀. Èmi ni mo kọ́ ọ. Àti pé ọmọ yẹn, ẹ ò bá rí omi tó jáde lára níkà yìí! Ẹrẹ̀ tó wà níbẹ̀ ju ti Ìjì lọ! Ó fi hàn pé ọmọ yẹn..."

"Mọ́mì. Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Mo pa ẹnu dé. Mo fi níkà náà pamọ́ sẹ́yìn mi.

Màdáámú mú báírò. Ó ní kí Kóòṣì ka àwọn mẹ́fà náà fún òun lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlà tirẹ̀ nìkan, kó má ka ìlà tèmi. Àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ ò yí padà. Ojú Kóòṣì ti rí wọn kí imú mi tó dé ibẹ̀. Nígbà tó kan Nọ́ńbà Mẹ́rin, ó kà á, Màdáámú sì pa orúkọ náà rẹ́ lára ìwé àwọn tó ń lọ. Ó ní, "Ó dúró. Ìjì náà dúró. Márùn-ún ló ń lọ." Mo ti ń kúnlẹ̀ láti dúpẹ́ nígbà tó nàka sí mi.

"Ẹ̀yin Mọ́mì, láti ọ̀la lọ, gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kí ẹ wá jókòó létí pápá, kí ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ẹ má sì sọ ọ̀rọ̀ kan nípa ọmọ kankan fún Kóòṣì. Ọ̀kan ṣoṣo pàápàá."

"Tí mo bá rí egbò ńkọ́, mà?"

Ó rò ó. "Egbò nìkan."

Lọ́jọ́ kejì, mo mọ ìyá ọmọ náà kó tó sọ̀rọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi dá a mọ̀. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, àwọn ọwọ́ wa méjèèjì ha ara wọn bíi kànrìnkàn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ọmọ mi ní ẹ ti kọ́ òun ní ìmọ́tótó." Mo ní, "Ọmọ yín ló kọ́ mi." Ó rò pé mo ń rẹ ara mi sílẹ̀. Wọ́n ka márùn-ún yẹn, mi ò mí títí wọ́n fi kà á tán, bí mo ṣe gbọ́ "mẹ́r..." ni mo ti dìde kí wọ́n tó parí "mẹ́rìnlá". Kóòṣì ló fà mí jókòó.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: mi ò mọ nǹkan tí mo ń wò. Àwọn ọmọ mọ́kànlá ń sá lọ, àwọn mọ́kànlá ń sá bọ̀, kò sí níkà kan tó dúró jẹ́ẹ́ kí n wò ó. Ìjì ń fò, ó ń yí, ó ń dìde. Nọ́ńbà Mẹ́rin ń rìn. Ó kàn ń rìn ni, á gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta sọ́tùn-ún, á dúró, bọ́ọ̀lù á sì wá bá a níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ti jọ ṣe àdéhùn tẹ́lẹ̀. Ó tó ìgbà bíi mẹ́jọ kí ó tó yé mi pé kì í ṣe orí ire. Ẹnu ń yún mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Kóòṣì ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́ ojú, ó ń gbádùn ara rẹ̀, ọmọ burúkú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ọmọ kan sá kọjá gbogbo wọn, Nọ́ńbà Mẹ́rin sì fi ara rẹ̀ lélẹ̀ nínú àbàtà, ó yọ̀ bí ọ̀bẹ lórí ẹran sísè, ó gba bọ́ọ̀lù. Ẹrẹ̀ bò ó láti ejìká dé kókósẹ̀. Mo fò dìde, mo pariwo: "Kó ẹrẹ̀ wá bẹ́ẹ̀! Kó gbogbo rẹ̀ wá!" Gbogbo àwọn òbí yíjú. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ọmọ, ọ̀rọ̀ nípa aṣọ ni. Mo ti múra sílẹ̀ láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀ fún Màdáámú.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo bá níkà náà nínú agbọ̀n, ó wúwo, ó dọ̀tí, ó lẹ́wà. Wọ́n di ẹ̀rún ọṣẹ kan sínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọṣẹ mi ni. Ọmọ yẹn ti dá a padà.

Mo na níkà náà sí ojú iná. Ẹrẹ̀ tó wà ní itan ọ̀tún pọ̀ ju ti òsì lọ, ó sì yí gba ẹ̀yìn, ìyẹn túmọ̀ sí pé...

Kóòṣì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ó dúró. "Mọ́mì, ṣé ẹ rí nǹkan ni?"

"Ṣé egbò wà níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, mo kàn ń béèrè ni."

"Mi ò rí nǹkan kan."

Mo ju níkà náà sínú maṣíìnì kíákíá, mo tì í, mo fò jókòó lé e. Ó gbọ̀n mí títí eyín mi fi ń ha ara wọn, kò sì sí ọ̀rọ̀ kan tó ráàyè jáde.